Ojú-ìwé àkóso NAS àtijọ́ kò ṣí mọ́: ẹ kó ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀ síbí

Olùtọ́júYàrá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá sí yàrá yìí: àpótí NAS (àpótí díìsìkì tí gbogbo ilé ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wà nílẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ojú-ìwé tí a fi ń ṣàkóso rẹ̀ kọ̀, kò ṣí. Ẹ jẹ́ ká kó ìdáhùn jọ sójú kan. Synology oní-díìsìkì méjì ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá DS211j àti DS212j, torí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, DSM 6.2 sì ni wọ́n lè gbà mọ (DSM ni ètò tó ń darí àpótí Synology). Ẹni tó bá ní irú mìíràn, kó mú èyí tó bá tirẹ̀ mu.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi èyí sọ́kàn: ojú-ìwé kò ṣí, kò túmọ̀ sí pé dátà ti lọ. Ètò kan ló ń gbé ojú-ìwé jáde, ètò mìíràn ló ń pín fódà. Ọ̀kan lè kú kí èkejì máa bá iṣẹ́ lọ. Lórí Windows, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ àdírẹ́sì àpótí náà báyìí: \\192.168.1.20, kí ẹ tẹ Enter. Bí fódà bá ṣí, ẹ da gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì sórí díìsìkì mìíràn lónìí, kí ẹ tó máa wá àtúnṣe kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè, kó sọ nǹkan mẹ́ta fún wa: iná iwájú wo ló ń tàn, àwọ̀ wo ni, ṣé ó dúró ni àbí ó ń ṣẹ́jú; ọ̀rọ̀ tí aṣàwákiri kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà; àti bóyá fódà ń ṣí. "Kò ṣiṣẹ́" nìkan kò lè jẹ́ ká ràn yín lọ́wọ́.

WáyàTààrà

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àdírẹ́sì, torí ìgbà púpọ̀ ni àpótí wà láàyè tó jẹ́ pé ilé tó ti kó kúrò la ṣì ń kàn.

Bí ẹ bá pààrọ̀ ráúta, ó ṣeé ṣe kí gbogbo àdírẹ́sì ilé yí padà. Ráúta àtijọ́ lè máa pín 192.168.1.x, kí ráúta 4G ti Huawei tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa pín 192.168.8.x. Bí àpótí yín bá ń gba àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, yóò gba tuntun. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ kọ ọ́ sí 192.168.1.20, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, kò sì ní rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí find.synology.com láti orí kọ̀ǹpútà tó wà lórí ráúta kan náà, tàbí kí ẹ lo Synology Assistant, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá àpótí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Assistant ni mo fẹ́ràn jù, torí ó sábà máa ń rí àpótí tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá ti ilé mu. Ẹ má lo Wi-Fi ti àlejò. Ọ̀pọ̀ ráúta kì í jẹ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ rí ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé. Ẹ tún lè ṣí ojú-ìwé ráúta kí ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn, tàbí kí ẹ kọ arp -a sínú Command Prompt. Ẹ wá èyí tí MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00-11-32, Synology nìyẹn.

Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì àfọwọ́kọ ló há, ẹ fi okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí tààrà, ráúta kò ní sí láàárín. Okùn lásán tó, kò nílò irú tí wọ́n yí wáyà inú rẹ̀ padà. Windows+R, ncpa.cpl, Ethernet, Properties, IPv4. Ẹ fún kọ̀ǹpútà ní 192.168.1.50, mask 255.255.255.0, ẹ fi gateway sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ping 192.168.1.20 sínú Command Prompt. Bó bá dáhùn, ẹ wọlé kí ẹ sì yí i sí DHCP, kí ráúta máa fún un ní àdírẹ́sì. Ẹ rántí dá kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì yín ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 ń sọ pé àpótí bẹ̀bẹ̀ fún àdírẹ́sì, kò sì rí ẹni fún un. Ẹ wo okùn, ẹ wo ihò ráúta tó wọ̀ sí, ẹ wo iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Orí okùn tí ike rẹ̀ ti kán máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á.

DíìsìkìMéjì

Mo fẹ́ ṣàtúnṣe kékeré sí ìdánwò fódà tí Olùtọ́jú sọ. Fódà tí kò ṣí náà kò túmọ̀ sí pé àpótí ti kú. Láti Windows 10 ẹ̀yà 1709, ní 2017, Microsoft kì í fi SMB1, ẹ̀yà àtijọ́ ti èdè tí Windows fi ń pín fódà, sínú Windows tuntun mọ́. Bí àpótí bá jẹ́ ti àtijọ́ tó jẹ́ SMB1 nìkan ló gbọ́, Windows yóò ní òun kò rí i, bẹ́ẹ̀ ping sì ń dáhùn. DSM 6.2 gbọ́ SMB2 àti SMB3, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ètò rẹ̀ ṣì wà lórí SMB1 látijọ́. Bí ẹ bá padà wọlé: Control Panel, File Services, SMB, Advanced Settings, ẹ fi èyí tó kéré jù sí SMB2, èyí tó ga jù sí SMB3.

Ẹ má torí èyí tan SMB1 padà lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún 2017.

Aṣọ́bodè

Ti aṣàwákiri wá kàn. Àdírẹ́sì DSM ní pọ́ọ̀tù méjì: 5000 fún http, 5001 fún https. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ tán: http://192.168.1.20:5000. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà nìkan, aṣàwákiri òde òní lè sọ ọ́ di https fúnra rẹ̀, kó máa kàn ìlẹ̀kùn tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ tó bá kọ ló máa sọ ibi tí ìdènà wà:

Bó bá sọ pé wọ́n kọ ìsopọ̀ náà (ERR_CONNECTION_REFUSED), àpótí wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí ètò tó ń gbọ́ lórí pọ́ọ̀tù yẹn. Ètò ojú-ìwé ló kú, tàbí ẹnìkan ti yí pọ́ọ̀tù padà.

Bó bá dúró pẹ́ kó tó sọ pé àkókò ti kọjá (ERR_CONNECTION_TIMED_OUT), àdírẹ́sì kò tọ̀nà, tàbí fáyáwọ́ọ̀lù dí i, tàbí DSM ti ti kọ̀ǹpútà yín síta. DSM máa ń dènà àdírẹ́sì tó bá kọ pásíwọ́ọ̀dù àṣìkọ léraléra. Ẹ fi fóònù gbìyànjú rẹ̀. Bó bá ṣí lórí fóònù, ìdáhùn nìyẹn. Ẹ wọlé láti ibẹ̀, Control Panel, Security, kí ẹ yọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà kúrò nínú Block List.

Bí ẹ bá rí ERR_SSL_VERSION_OR_CIPHER_MISMATCH lórí Chrome tàbí SSL_ERROR_UNSUPPORTED_VERSION lórí Firefox, àpótí kò ṣẹ̀, èdè ìdáàbòbò tó ń sọ ló ti gbó. Chrome 84 àti Firefox 78 ló dáwọ́ TLS 1.0 àti 1.1 dúró ní 2020. ReadyNAS Duo àtijọ́ (NAS ti Netgear) ló máa ń há síbí jù, torí https ni wọ́n fi ń dé ojú-ìwé àkóso rẹ̀. Lórí Firefox, ẹ kọ about:config, ẹ wá security.tls.version.min, ẹ yí 3 sí 1. Ẹ wọlé, ẹ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ dá a padà sí 3 lójú ẹsẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ya profaili Firefox kan sọ́tọ̀ fún àpótí yìí nìkan, kí ẹ má fi ṣí báǹkì tàbí ímeèlì láéláé.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìwé ẹ̀rí (certificate) ni aṣàwákiri ń ṣàròyé lé lórí, ẹ wo aago àpótí náà. Bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ti kú máa ń dá aago padà sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nígbàkigbà tí iná bá lọ. Ẹ ka nọ́ńbà ara bátìrì náà kí ẹ tó ra òmíràn, torí gbogbo wọn kọ́ ló jẹ́ CR2032.

Àwòrán ẹ̀yìn ń hàn, àpótí ìwọlé kò jáde? Ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fáìlì tí aṣàwákiri tọ́jú látijọ́ ló ń dí i, tàbí ètò tó ń pa ìpolówó. Ẹ pa wọ́n rẹ́.

ÀlejòTuntun

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe bọ́tìnnì Reset ẹ̀yìn ló yá jù? Wọ́n ní kí èèyàn tẹ̀ ẹ́ kó sì dì í mú.

WáyàTààrà

Àbúrò, ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló ní, ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀.

Èkíní: àpótí ti dìde tán, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ Reset fún bí ìṣẹ́jú àáyá 4, títí yóò fi ké lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó máa dá pásíwọ́ọ̀dù admin padà sí òfìfo, á dá pọ́ọ̀tù padà sí 5000 àti 5001, á dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà sí DHCP, á sì mú ìdènà àdírẹ́sì àti òfin fáyáwọ́ọ̀lù kúrò. Kò fọwọ́ kan fáìlì. Bó bá jẹ́ pọ́ọ̀tù, àdírẹ́sì tàbí pásíwọ́ọ̀dù ni wàhálà, èyí tó.

Èkejì: lẹ́yìn ké àkọ́kọ́, bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, tí ẹ dì í mú títí ó fi ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àpótí máa béèrè kí ẹ tún DSM fi sínú rẹ̀. Dátà ò gbọdọ̀ sọnù, ṣùgbọ́n ètò yín máa lọ. Bí díìsìkì bá sì ti ń ṣàìsàn, iṣẹ́ kíkọ yẹn lè pa á pátápátá. Ẹ má sún mọ́ èkejì kí ẹ̀dà tó wà níta. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ti fódà rẹ̀, kó wá fáìlì kọ́kọ́rọ́ náà rí kó tó tẹ ohunkóhun.

ÌlàÀṣẹ

Mo fẹ́ gbé èyí tí mo rò pé àwọn èèyàn kì í fura sí: àyè ètò tó kún. Kì í ṣe àyè fáìlì yín o. Díìsìkì 2 TB lè wà ní òfìfo ìdajì, kí ojú-ìwé kọ̀ láti gbà yín wọlé.

Ìdí rẹ̀ ni pé DSM gé ìpín kékeré kan sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ lórí díìsìkì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 2.4 GB, ó so wọ́n pọ̀ ní md0. Ibẹ̀ ni ètò, àkọsílẹ̀ àti àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ ń gbé. Bó bá kún, kò sí àyè láti kọ pé ẹnìkan ti wọlé, ojú-ìwé á dá yín padà tàbí kó dúró lófìfo. Fódà á ṣì máa ṣí ní tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pa á kí ẹ tún tan án lọ́nà tó tọ́: ẹ di bọ́tìnnì iná mú títí yóò fi ké, ẹ dúró kí ó pa ara rẹ̀. Nígbà tó bá ń dìde, ó máa ń gbá fáìlì ìgbà díẹ̀ kan dànù. Bí ẹ bá ráyè wọlé, ẹ tan SSH, ọ̀nà tí a fi ń kọ àṣẹ sí àpótí láti orí kọ̀ǹpútà, lójú ẹsẹ̀: Control Panel, Terminal & SNMP. Ẹni tí ojú-ìwé rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ náà, kó lọ tan án nísinsìnyí, torí ọjọ́ tí ojú-ìwé bá kú, kò sí ibi tí ẹ ti máa tan án.

Láti kọ̀ǹpútà:

ssh admin@192.168.1.20
sudo -i
df -h /
df -i /

Bí ssh bá ní ọ̀nà pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ kò bára mu, ètò àpótí ló gbó ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

ssh -oKexAlgorithms=+diffie-hellman-group1-sha1 -oHostKeyAlgorithms=+ssh-rsa admin@192.168.1.20

Bí df bá fi 100% hàn lórí /dev/md0, ẹ wá ẹni tó jẹ àyè náà:

du -xm / 2>/dev/null | sort -n | tail -n 25

Lẹ́tà x yẹn ló ń dá a dúró kó má baà wọ inú /volume1. Ohun tó sábà máa ń jáde ni fódà /volumeUSB1. Ìdí ni pé iṣẹ́ àdákọ kan ń kọ sórí díìsìkì USB. Lọ́jọ́ tí díìsìkì náà kò sí níbẹ̀, ìwé àṣẹ (script) àdákọ yín dá fódà orúkọ kan náà sórí ìpín ètò, ó sì ń da fáìlì sínú rẹ̀. Kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹ yọ USB, ẹ kọ mount | grep volumeUSB. Bí kò bá mú nǹkan jáde, tí fódà sì ṣì wà pẹ̀lú fáìlì nínú, ayédèrú ni. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ lọ sí /volume1 kí ẹ tó yọ ọ́. Bí mount bá ṣì dárúkọ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Èkejì ni àkọsílẹ̀ inú /var/log. Ẹ má fi rm pa fáìlì tí ètò ṣì ń kọ nǹkan sí. Orúkọ á lọ, àyè ò ní padà títí ètò náà fi máa dúró. Ẹ sọ ọ́ di òfìfo ni:

> /var/log/messages

Ẹ jìnnà sí /usr, /lib àti /etc. Kò sí ìdọ̀tí yín níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lórí DSM 6, ẹ tún nginx, ètò tó ń gbé ojú-ìwé jáde, tan:

nginx -t
synoservice --restart nginx
netstat -tln | grep 500

Àṣẹ àkọ́kọ́ máa sọ bí ìwé ètò nginx bá bàjẹ́ àti orí ìlà wo. Ti ìkẹyìn gbọ́dọ̀ fi 5000 hàn. DSM 5 kò lo nginx, Apache ló ń gbé ojú-ìwé tirẹ̀, nítorí náà reboot ni kí ẹ kọ.

DíìsìkìMéjì

ÌlàÀṣẹ ti sọ ohun tí mo ń dúró dè. Ìpín md0 yẹn wà lórí díìsìkì méjèèjì, ohun kan náà la sì ń kọ sórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí díìsìkì kan tó ń kú fi lè mú kí ojú-ìwé gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣí. Ẹni tó rò pé ojú-ìwé lọ́ra nítorí ọjọ́ orí, kó wo èyí:

cat /proc/mdstat
smartctl -A -d sat /dev/sda
smartctl -A -d sat /dev/sdb
dmesg | tail -n 50

Nínú mdstat, [UU] dára. [U_] ń sọ pé ẹnìkan ti jáde. Nínú smartctl, ẹ wo àwọn ìlà tí ID wọn jẹ́ 5, 197 àti 198, ní òpó RAW_VALUE. Òdo ni a fẹ́. 197 tó ń pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ méjì ń sọ pé díìsìkì náà ò lè ka àwọn ibì kan mọ́. Ẹ kó dátà kúrò, ẹ má sọ pé ẹ máa dúró di òpin oṣù.

Bó bá jẹ́ RAID 1 tàbí SHR lórí díìsìkì méjì (ohun kan náà ló wà lórí méjèèjì), ẹ pa àpótí, ẹ yọ èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ tan án pẹ̀lú ẹyọ kan. Á máa ké, iná STATUS á yí sí ọsàn, ṣùgbọ́n ojú-ìwé sábà máa ń yára ṣí. Bó bá jẹ́ RAID 0 tàbí JBOD, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá. Ìdajì dátà yín wà lórí èyí tí ẹ fẹ́ yọ.

Bí díìsìkì méjèèjì bá mọ́, ẹ wo mẹ́mórì. DS211j ní 128 MB, DS212j ní 256 MB. Bí ẹ bá da àwòrán púpọ̀ sínú rẹ̀, ó lè fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe àwòrán kékeré fún wọn, ojú-ìwé ò ní rí àyè mí. Ẹ kọ top, ẹ wo ohun tó wà lókè. Ẹ pa Photo Station, Media Server àti gbogbo ètò tí ẹ kò lò nínú Package Center. Àpótí tó ní mẹ́mórì bẹ́ẹ̀, fódà pípín àti àdákọ nìkan ni kó máa ṣe.

ÀgbàIná

Kò sí ẹni tó tíì dárúkọ ádápítà, bẹ́ẹ̀ òun ni mo máa ń wò ṣáájú fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná NẸ́PÀ ti ń lọ tó ń bọ̀. Ádápítà 12 V tó ti gbó lè fi 12 V hàn lórí mítà nígbà tí kò gbé ẹrù, kó sì wálẹ̀ nígbà tí díìsìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Díìsìkì ńlá kan lè fa bí 2 A ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ yẹn. Àmì rẹ̀: iná búlúù ń ṣẹ́jú láìdúró, díìsìkì ń yí, ó dúró, ó tún yí, ojú-ìwé ò sì jáde.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Ẹ pa àpótí, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ 1 àti 2 sára díìsìkì, ẹ yọ méjèèjì, ẹ tan án lófìfo. Bó bá ké, tí Assistant sì rí i pé kò ní ètò nínú, bọ́ọ̀dù yè. Bó bá tún ń ṣubú nígbà tí díìsìkì padà sínú, ẹ ra ádápítà mìíràn: fóltì gbọ́dọ̀ bá tara ti àtijọ́ mu gan-an, ámpíà lè jù ú lọ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìjó. Nígbà ìdánwò yìí, bí ojú-ìwé bá ní kí ẹ tẹ Install, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi UPS kékeré sí i. Ìgbà tí ẹ bá ń yí láti NẸ́PÀ sí jẹnẹrétọ̀ ni ìpín ètò máa ń bàjẹ́.

Aṣọ́bodè

Kókó kan tí mi ò fẹ́ kó sọnù: ẹ má ṣí pọ́ọ̀tù 5000 tàbí 5001 síta lórí ráúta torí kí àwọn ará ilé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí fọ́tò. Ní oṣù kẹjọ 2014, SynoLocker wọ àwọn Synology tí ètò wọn ti pẹ́, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè owó. Ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n nu àwọn My Book Live ti Western Digital láti òkèèrè, àpótí tí wọn kò ti fún ní àtúnṣe mọ́ láti 2015. Ẹ pa UPnP, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí pọ́ọ̀tù fúnra wọn, lórí ráúta. Bó bá pọn dandan kí ẹni tó wà lókè òkun wọlé, ẹ fi WireGuard (ètò VPN) sórí kọ̀ǹpútà kékeré tuntun bíi Raspberry Pi nínú ilé, kó gba ibẹ̀ wọlé.

ÀlejòTuntun

Ẹ ṣé gan-an. Bí bọ́ọ̀dù bá wá kú pátápátá ńkọ́?

ÌlàÀṣẹ

Dátà ṣì wà. Ẹ so díìsìkì kan nínú RAID 1 mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu. Ìdìmú USB sí SATA tó. Bó bá jẹ́ 3.5 ínṣì, ìdìmú náà gbọ́dọ̀ ní ádápítà iná tirẹ̀. Lẹ́yìn náà:

sudo apt install mdadm lvm2
sudo mdadm -AsfR
sudo vgchange -ay
cat /proc/mdstat
sudo mkdir -p /mnt/nas

Bó bá jẹ́ SHR, ó sábà máa ń jẹ́ /dev/vg1000/lv:

sudo mount -o ro /dev/vg1000/lv /mnt/nas

Bí vg1000 kò bá sí, ẹ wo èyí tó tóbi jù nínú mdstat. Ubuntu lè pè é ní md2 tàbí md127. Òun ni kí ẹ fi sí ipò /dev/vg1000/lv. Ẹ má yọ ro kúrò nínú àṣẹ yẹn: kíkà nìkan ni a fẹ́, a ò fẹ́ kí Ubuntu kọ ohunkóhun sí i. Bí Ubuntu bá yọ fèrèsé pé kí ẹ ṣe fọ́máàtì díìsìkì náà, ẹ pa fèrèsé yẹn, kí ẹ máa da fáìlì lọ.